Bàtà Màmá Ṣì Wà Lórí Ìlà

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí bàtà màmá mi ti wà lórí ìlà níwájú ilé oògùn ìjọba.

Ẹsẹ̀ wọn wú, wọn ò lè dúró, la bá ní kí bàtà bá wọn dúró. Ẹni tó bá gbé tiẹ̀ kúrò, àyè ti bọ́ nìyẹn.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti kọjá agbára wa níta. Ti ìjọba ńkọ́? "Ó di ọ̀la." Ọ̀la tí kì í tán!

Lójoojúmọ́, télọ̀ tó wà lẹ́yìn wa á fẹsẹ̀ ti bàtà wọn síwájú, á ní, "Màmá, ẹ tẹsẹ̀ mọ́rìn o!" Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ yìí, kò ṣẹ̀fẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e síwájú.

A dé ojú fèrèsé. Oògùn ti dé.

"Ẹni tó ni bàtà yìí dà?" Akọ̀wé ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Òfin ni, aláìsàn gbọ́dọ̀ yọjú fúnra ẹ̀."

"Wọn ò lè yọjú mọ́, ọ̀gá. Àná la sin wọ́n, lẹ́sẹ̀ lásán.

"Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gbẹ̀yìn ni pé kí n má gbé bàtà àwọn kúrò lórí ìlà."