Aṣọ Funfun Orí Okùn

"Ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì ń parọ́," ni obìnrin onímọ̀ ojú ọjọ́ kan ń wí fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ nínú yàrá nílé. Àwòrán sátẹ́láìtì sọ pé eruku àti èéfín bo àdúgbò wọn. Ìṣirò kọ̀ǹpútà sọ pé afẹ́fẹ́ mọ́ tónítóní. Ọ̀gá rẹ̀ sì ń retí èsì kí aago mẹ́wàá tó lù, kí rédíò lè sọ bóyá kí àwọn ọmọ ilé ìwé jáde ṣeré.

Ṣùgbọ́n ó ti dá ọgbọ́n kan lánàá. Ó sá aṣọ funfun sórí okùn lẹ́yìnkùlé, láìsọ fún ẹnì kankan, kí aṣọ náà bá sátẹ́láìtì àti kọ̀ǹpútà dájọ́.

Ó sáré jáde. Aṣọ funfun báláú. Ó tutù díẹ̀ lọ́wọ́, ó ní ìrì ni.

Ó pe ọ̀gá rẹ̀. "Sátẹ́láìtì ló ń parọ́, sà. Kí àwọn ọmọ máa jáde."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Mo fojú ara mi rí i, sà."

Bó ṣe pa fóònù ni ìyá ọkọ rẹ̀ gbé bẹ́sìn yọ. Omi inú rẹ̀ dúdú bí èédú.

"Ìyàwó mi, níbo ni kí n da èyí sí?"

"Omi kí ni, Màmá?"

"Omi aṣọ ẹ ni. Ta ló ń sá irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ síta kí aládùúgbò máa wò wá? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fọ̀ ọ́ láti àná."

Nínú yàrá, rédíò ti ń sọ pé kí àwọn ọmọ jáde.

Màmá gbójú sókè wo okùn, ó pòṣé.

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Bá mi mú ọṣẹ wá."