Olùkọ́ Tó Yọ Orúkọ Ẹnìkejì Rẹ̀

Olùkọ́ físíìsì kan wà tó fẹ́ràn ìyìn ju bó ti fẹ́ràn ẹni tó bá a ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń yìn ín sí. Ó mọ ìwé, ó mọ̀rọ̀ sọ, àmọ́ kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni pín ọpẹ́. Tíṣà Òfurufú ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Ẹni tó yẹ kó tètè mọ àléébù rẹ̀ yìí ló mọ̀ ọ́n kẹ́yìn, ìyẹn opó tó ń tọ́jú yàrá sáyẹ́ǹsì, tí àwọn ọmọ ń pè ní Ìyá Láàbù.

Àwọn méjèèjì jọ kan ọkọ̀ òfurufú àwòṣe kan sí ẹ̀yìn kíláàsì. Pákó ni ògiri rẹ̀, àga márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, rédíò kékeré sì so ó mọ́ yàrá kejì. Tíṣà fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ bí àwọn arìnrìn-àjò òfurufú tó ń lọ sójú òṣùpá ṣe ń pín iṣẹ́: ọ̀gá ọkọ̀, awakọ̀, ẹnjiníà, dókítà, aṣèwádìí, àti ẹni tó dúró sílẹ̀ láyé tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìjà ni ẹ̀kọ́ náà máa ń já sí. Gbogbo ọmọ ló fẹ́ ṣe ọ̀gá; kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe dókítà níbi tí kò sí aláìsàn.

Ìyá Láàbù wò wọ́n títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò mi, torí pé ọ̀gá lè dá a ṣe ni wọ́n ṣe ń jà. Jẹ́ kó má lè dá a ṣe."

Ó gé páálí mẹ́fà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlànà sí wọn, ó pín in débi pé kò sí páálí kan tó dá pé. Bí atẹ́gùn bá ń jò, ẹnjiníà ló mọ bọ́tìnnì tí wọ́n á tẹ̀, dókítà ló mọ ìṣẹ́jú tó kù kí èèyàn tó dákú, ẹni tó wà nílẹ̀ ló mọ nọ́ńbà tó ń ti ilẹ̀kùn. Ìjà tán. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ti ara wọn.

Tíṣà dọ̀bálẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà. "Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run ló fi yín ta mí lọ́rẹ. Bí wọ́n bá gbé wa ga, a jọ máa gòkè ni." Obìnrin náà gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Gbogbo Sátidé rẹ̀ ló fi ń kun pákó.

Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé àwọn alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ wá mú ilé-ìwé kan tí yóò máa kọ́ àwọn olùkọ́ ilé-ìwé yòókù ní irú ẹ̀kọ́ yìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, Tíṣà gbé ìdì ìwé pẹlẹbẹ kan lé Ìyá Láàbù lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi pín in fún àwọn àlejò." Ó ti pín in dé ìdajì kó tó ṣí ọ̀kan wò. Àwòrán páálí rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà níbẹ̀. Lábẹ́ wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé iṣẹ́ ọpọlọ ẹnì kan ṣoṣo ni, orúkọ Tíṣà sì dá wà níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ó pín èyí tó kù tán, torí kò mọ ohun mìíràn tó lè fọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Kò mọ̀ pé Tíṣà ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí àwọn ọmọ má bàa kọsẹ̀ lójú àlejò, ó ti kó gbogbo ìlànà sínú ìwé ọ̀gá ọkọ̀ nìkan. Ọ̀gá ń kà, àwọn tó kù ń tẹ bọ́tìnnì, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ni bàbá kan láàárín wọn, tó ti wa bàálù rí, bá nàwọ́ sókè.

"Ó dáa. Ọ̀gá ọkọ̀ ti dákú, ẹ gbé e jáde. Atẹ́gùn ń jò. Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ."

Ọ̀gá jáde tòun tìwé lọ́wọ́. Bàbá náà yíjú sí dókítà.

"Dókítà, kí ló kàn?"

"Wọn ò fún wa níwèé lónìí, sà. Ìyá Láàbù ló máa ń fún wa ní tiwa."

"Ta ni Ìyá Láàbù?"

Tíṣà kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ẹni tó ń bá wa gbálẹ̀ ni, sà. Kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín òun àti obìnrin náà. Lóòótọ́ ló ń gbálẹ̀, ìyẹn kì í ṣe èébú. Ẹnu tó ti jáde ló gún un lọ́kàn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Bàbá náà ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣe é, Tíṣà. Ẹ pín iṣẹ́ náà fún wọn." Tíṣà gbé ti dókítà fún awakọ̀, ó gbé ti ẹnjiníà fún aṣèwádìí, òógùn bò ó. Iná tó ń fi hàn pé atẹ́gùn ń tán lọ pọ́n, ó sì kú. Ọmọbìnrin tó ń ṣe ẹnjiníà bú sẹ́kún.

Ẹkún yẹn ló gbé Ìyá Láàbù nílẹ̀. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó páálí rẹ̀ jáde, ó pín in fún wọn. Àwọn ọmọ tún un bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, wọ́n ti dí ibi tó ń jò. Bàbá náà wo ọwọ́ ìkọ̀wé tó wà lára páálí, ó wo ìwé pẹlẹbẹ, ó wo Tíṣà.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, lẹ́tà dé: wọn ò mú ilé-ìwé wọn. Wọ́n yin àwọn ọmọ, wọ́n yin Ìyá Láàbù, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ti ń jí ọpẹ́ ẹlòmíràn kò ṣeé fi kọ́ni ní àjùmọ̀ṣe. Àwọn ọmọ sunkún. Purinsípà gba ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfurufú náà lọ́wọ́ Tíṣà, kò sì sí olùkọ́ tó fẹ́ bá a dáwọ́ lé ohunkóhun mọ́.

Ó wá bá Ìyá Láàbù níbi tó ti ń fọ ìgò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Iṣẹ́ èṣù ni."

"Tíṣà, mo ti dárí jì yín." Kò pè é ní àbúrò mọ́. "Àmọ́ mi ò lè kẹ̀yìn sí yín mọ́ kí ọkàn mi balẹ̀."

Obìnrin náà padà sídìí ìgò rẹ̀, Tíṣà sì jáde. Títí tó fi kúrò ní ilé-ìwé náà, òun nìkan ló ń dá ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, àti ẹ̀yin tó ń kọ́ wọn, ẹ gbọ́ o: bó ti wù kí ọ̀gá gbọ́n tó, kò sí ọkọ̀ tí ẹnì kan ń dá gbé dé òfurufú. Ẹni tó bá bá yín ṣiṣẹ́, ẹ dárúkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yìn yín, ì báà jẹ́ ìgbálẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá jí ọpẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ lè rí ìdáríjì gbà. Ìfọkàntán ni kì í tètè padà.