Pákó Kẹrin

Ìyá àgbà ń hun ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀, Gunnvor, gbá ìrọ̀rí mọ́ra, tó dí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn onípákó bíi wọ́dà, tó sì ní:

“Ingvild á sùn lókè àjà, níbi tí èmi náà ń sùn nígbà tí mo wà lọ́mọge. Ìsàlẹ̀ níhìn-ín ni Sindre á sùn. Ẹ ò tíì ṣègbéyàwó.”

Ingvild bú sẹ́rìn-ín. “Mọ́mì, ó ti pọ́dún méjì tá a ti jọ ń gbé ní Bergen!”

“Bergen nìyẹn. Lásìkò tiwa, a máa ń kó ara wa níjàánu.”

Ìyá àgbà yíjú sí ọ̀rẹ́kùnrin ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó ti doríkodò. “Sindre, ọkọ mi, fọkàn balẹ̀. Tílé bá ti pa rọ́rọ́, ṣáà má tẹ pákó kẹta. Ó máa ń ké bí ewúrẹ́.”

“Ìkẹrin ni, Màámi!” ni Gunnvor já a lẹ́nu. “Gbogbo Sátidé nígbà yẹn ni mo máa ń kìlọ̀ fún bàbá Ingvild pé—”

Ìrọ̀rí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mo mọ̀,” ni ìyá àgbà wí, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ. “Bàbá rẹ ló yọ ìṣó ara pákó náà, ká lè mọ̀ tí ọkọ rẹ bá ti dé, ká sì ráyè sùn.”