Télọ̀ Tí Kò Gbóòórùn Aṣọ Tó Ń Jó

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá pa á tì. Ẹ bá mi dé ìparí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ayọ̀ wà.

1.
Télọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Funfun. Aṣọ ìyàwó ló ń rán, kò sì fẹ́ kí eruku bà lé e rárá. Ìdí nìyẹn tó fi fi ìṣó kan gbogbo fèrèsé ṣọ́ọ̀bù inú ilé rẹ̀ pa. Òun àtàwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ á há mọ́ra wọn nínú yàrá kan ṣoṣo, ohun tí ẹnì kan mí jáde ni ẹlòmíì ń mí sínú.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé àdúgbò, ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ lo ìbòmú."

"Eruku ni ọ̀tá mi," ló dá a lóhùn. "Èmi ò mọ kòrónà kankan."

Ẹ ẹ̀ rí ìgbéraga!

2.
Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ó ní òwú ló kó sí òun lọ́fun. Ara rẹ̀ gbóná, ó ní áyọ́ọ̀nù ló fà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń lọ aṣọ ìyàwó kan tó ti rán tán, ló bá gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé.

"Aṣọ ń jó! Ṣé ẹ ò gbóòórùn ni?"

"Òórùn wo?"

Obìnrin náà wo aṣọ tó ti dúdú, ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó ti gbọ́ pé àrùn yìí máa ń gba òórùn mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

3.
Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá télọ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ń padà bọ̀ láti ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin. Arúgbó ni, mímí sì ti ń ni ín lára tipẹ́. Bí ọkọ̀ ṣe dúró lẹ́nu géètì, télọ̀ ti gbé tíì ìyá rẹ̀. Ó fẹnu kàn án wò bóyá ó gbóná jù, bó ṣe máa ń ṣe látọjọ́ yìí.

Ìyàwó rẹ̀ fi ìbòmú bojú, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Kúrò lọ́nà! Ìyá mi nìyẹn!"

"Ìyá tèmi náà ni. Ẹ ò ní jáde."

"Ta ló ni ilé yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ín. Àmọ́ ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ẹ̀mí Màámá."

Ó gba ife náà, ó da tíì nù. Ó ń sunkún bó ṣe ń pariwo láti òkèèrè: "Màámá, ẹ dárí jì mí, ẹ má sọ̀kalẹ̀! Ẹ padà!" Ọkọ̀ yí padà.

4.
Kílẹ̀ tó ṣú, télọ̀ ò lè mí dáadáa mọ́. Ilé ìwòsàn ló bá ara rẹ̀, ọ́síjìn nímú. Àwọn ọmọṣẹ́ náà dùbúlẹ̀ àìsàn. Àwọn oníbàárà kó aṣọ wọn lọ. Àmọ́ ìyàwó rẹ̀ ti ara rẹ̀ mọ́lé, ó ń fi fóònù pe ilé ọmọṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: "Ẹ má jáde o! Ẹ má gbàlejò!" Gbogbo wọn gbọ́. Àrùn wá ẹni tó máa ràn títí, kò rí. Ẹnikẹ́ni ò kú nínú wọn!

5.
Nígbà tí télọ̀ ti ilé ìwòsàn dé, ó ti rù, àmọ́ ó gbé òòlù, ó sì yọ ìṣó tó fi kan fèrèsé. Atẹ́gùn fẹ́ wọlé. Nígbà tí Màámá náà wá dé, ọmọ rẹ̀ gbé tíì fún un.

"Ṣé o ti tọ́ ọ wò?"

"Rárá o, Màámá. Ẹ tọ́ ọ wò fúnra yín."

Màámá rẹ́rìn-ín débi pé tíì dà sórí aṣọ funfun tó wà nítòsí. Télọ̀ wo àbàwọ́n náà, òun náà bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa mu tíì yín, Màámá. Ìyẹn á fọ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má fi ikọ́ ṣeré. Ẹ ṣí fèrèsé yín. Bí ara yín ò bá yá, ẹ jìnnà sí arúgbó, kódà bó jẹ́ ìyá tó bí yín lọ́mọ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.