Ìràwọ̀ Tí Bàdírù Hú Lábẹ́ Ilé Bàbá Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ gbọ́n ju ìyá tó bí yín lọ.

1.
Lọ́dún 2006, Bàdírù, akọ̀wé báńkì tó ń ti Ìtamága lọ síṣẹ́ l'Ékòó lójoojúmọ́, ń gbẹ́ ihò tó fẹ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí lẹ́bàá ilé tí bàbá rẹ̀ tó ti kú fi sílẹ̀. Ṣọ́bìrì rẹ̀ kan òkúta dúdú kan. Kékeré ni, àmọ́ ó wúwo ju bó ṣe tó lọ.

Akọ̀wé wa sáré lọ sí káfé íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó kà á níbẹ̀ pé òkúta máa ń já bọ́ láti ojú ọ̀run, pé òyìnbó ń wá a kiri bíi wúrà: ó máa ń dúdú, ó máa ń wúwo, òòfà sì máa ń fà á. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ sọ bí èèyàn ṣe ń dá ayédèrú mọ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti parí. Kò ra òmíràn. Ó délé, ó fọ́ rédíò rẹ̀, ó yọ òòfà ẹ̀yìn sípíkà, ó fi kan òkúta. Ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́.

"Mo ti là!"

2.
Ìyá rẹ̀, Màmá Fàlílátù, ọmọ Ẹ̀pẹ́, wo òkúta náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàdírù, ìdàrọ́ nìyí. Pàǹtí irin ni. Ẹrọ̀fọ̀ ni ilẹ̀ yìí nígbà tá a rà á. Bàbá rẹ ló ní kí típà kó o wá láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin, òun la fi dí ilẹ̀ ká tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Èmi ni mo se oúnjẹ fáwọn tó já a."

"Màámi, kí lẹ mọ̀? Yunifásítì wo lẹ lọ?"

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá dé eegun.

3.
Bàdírù ń gbẹ́ lọ. Gbogbo ibi tó bá gbẹ́, òkúta ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ pé ìbá béèrè ìdí tí ọ̀run fi kó gbogbo ìràwọ̀ rẹ̀ dà sórí púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ní Ìtamága. Bàdírù ní, "Agbo wọn ló já síbí!"

Ó pe Ọ̀gbẹ́ni Mojúbàolú, olùkọ́ tó mọ̀ nípa òkúta. Ọkùnrin náà yí ọ̀kan wò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òkúta ojú ọ̀run kì í ní ihò wẹ́wẹ́ bíi búrẹ́dì."

"Òun ló fi ń mí nígbà tó ń bọ̀!"

Mojúbàolú wo kòtò, ó wo ògiri. "Ẹ dákun, ẹ jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé yìí."

"Olè! Ẹ fẹ́ kí n jáwọ́ kẹ́ ẹ lè wá kó o!" Bàdírù lé e jáde.

4.
Ó gbẹ́ ẹ títí abẹ́ yàrá ìyá rẹ̀ fi ṣófo.

"Bàdírù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi lo wà yẹn o."

"Ẹ fara dà á, Màámi. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni màá kọ́ fún yín."

Òjò oṣù kẹfà rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, bí ìyá ṣe jáde láti ṣe àlùwàlá ìrun Àlàsárì, yàrá rẹ̀ wó. Pálọ̀ tẹ̀ lé e. Páànù òrùlé sì já lé òkúta tí Bàdírù tò jọ.

Bàdírù káwọ́ lérí, ó figbe ta: "Yéè! Àwọn òkúta mi!"

Kò pe ìyá rẹ̀. Kò tilẹ̀ wá a. Ìyá dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tù lọ́wọ́, ó sì gbọ́.

5.
Màmá Fàlílátù wọkọ̀ lọ sílé àbúrò rẹ̀ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn aládùúgbò gbé bárò wá, wọ́n ń kó ìràwọ̀ lọ dí kòtò ojú títì, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàdírù. Ìtìjú pọ̀. Nígbà tó lọ bẹ ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá kò ṣílẹ̀kùn. Inú ilé ló ti dá a lóhùn:

"Ẹni tó o pè lọ́jọ́ yẹn ni kó o lọ bá."

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra o! Kí ojúkòkòrò má mú yín wú ìpìlẹ̀ tí bàbá yín fi òógùn lé. Bí ẹ bá sì ní ìyá nílé, ẹ bi í léèrè kẹ́ ẹ tó gbẹ́lẹ̀. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí gbogbo ọ̀mọ̀ràn tẹ́ ẹ bá mọ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà.