Irun Kan Lábẹ́ Kírísítálì

Bí ohun tí ẹ ń nù láràárọ̀ bá ṣàdédé tutù lọ́wọ́ yín ju ti àná lọ, ta lẹ máa kọ́kọ́ fura sí nínú ilé?

Tose fura sí Mitsue, ìyàwó ọmọ rẹ̀, pé ó ti pààrọ̀ ohun náà. Àwọn méjèèjì péré ló kù nínú ilé náà ní ìlú Kofu. Haruji, ọmọ Tose, lọ sí ogun, kò padà. Kuraji, ọkọ Tose, tó fi ogójì ọdún dán òkúta kírísítálì, náà ti kú. Bọ́ọ̀lù kírísítálì kan tó tó ọsàn ló fi sílẹ̀ níwájú pẹpẹ ilé. Nígbà ayé rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ní òógùn ọwọ́ ń ba dídán rẹ̀ jẹ́. Ìgbà tó kú ni Tose ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n ṣe ìrántí ọdún kẹta olóògbé. Ọjọ́ náà ni wọn yóò gbé bọ́ọ̀lù yìí fún tẹ́ńpìlì, gbogbo àwọn tó ń dán kírísítálì ládùúgbò yóò sì péjọ. Àwọn wọ̀nyẹn kàn máa gbé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ni, wọ́n á ti mọ ojúlówó. Bí wọ́n bá bá gíláàsì níbẹ̀, orúkọ Kuraji bàjẹ́ nìyẹn, Mitsue á sì di ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀.

Tose jókòó, ó ń ro ohun tí kò kà sí tẹ́lẹ̀. Láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Mitsue máa ń gbé abọ́ àti tówẹ̀lì, á ní òun ń lọ sílé ìwẹ̀ àdúgbò. Wákàtí méjì gbáko. Bó bá dé, irun rẹ̀ á gbẹ táútáú.

Nídìí oúnjẹ àárọ̀, ó gbá ọwọ́ Mitsue mú.

"Kí ló wà lábẹ́ èékánná rẹ?"

"Erùpẹ̀ ni, Ìyá."

"Erùpẹ̀ pupa? Ilé ìwẹ̀ wo ni wọ́n ti ń fi erùpẹ̀ pupa wẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ jẹ́ n lọ wo ọbẹ̀ kó má jóná."

Tose mọ ìyẹ̀fun pupa yẹn. Òun ni wọ́n fi ń dán òkúta kẹ́yìn. Obìnrin kì í sì í jókòó nídìí ẹ̀rọ ìdánkúta ládùúgbò wọn, nítorí náà ọkùnrin kan ni Mitsue ń lọ bá. Ọkùnrin tó lè gbé ojúlówó lọ, kó sì dán gíláàsì rọ́pò rẹ̀.

Ó rántí ohun tí ọkọ rẹ̀ máa ń sọ: gbé bọ́ọ̀lù lé irun, kí o wò ó látòkè, bó bá jẹ́ kírísítálì, irun á di méjì, bó bá jẹ́ gíláàsì, ọ̀kan ni wàá rí. Ó fa irun funfun kan tu lórí ara rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ dúdú, ó gbé bọ́ọ̀lù lé e.

Ọ̀kan ló rí.

Kò wọ bàtà tán kó tó dé ilé Densuke, ẹni tó bá Kuraji kọ́ṣẹ́ ìdánkúta. Densuke ṣan ọwọ́, ó tẹ̀ lé e wálé. Mitsue kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó doríkodò.

"Irun kan ṣoṣo, Densuke. Gíláàsì ni."

"Ṣé irun ló jẹ́ ẹyọ kan, ìyàwó ọ̀rẹ́ mi, àbí ojú tẹ́ ẹ fi wò ó?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wò ó!"

Densuke wò ó. Ó yí bọ́ọ̀lù náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yí ife tíì. "Ẹ tún wò ó báyìí."

Irun méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn.

"Átọ́ọ̀mù ni àwọn tó kàwé ń pe àwọn èérún inú rẹ̀," ni Densuke wí. "Wọ́n tò bí ìrẹsì tí wọ́n ta okùn gbìn. Bẹ́ ẹ bá dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ poro, ojú yín á já gbọọrọ sí òdìkejì, ọ̀nà kan lẹ ó rí. Ẹ wá wò ó ní ìbú, ó di méjì mọ́ yín lójú. Ìbẹ̀rẹ̀ poro lẹ bọ́ sí láàárọ̀. Gíláàsì ńkọ́? Ìrẹsì tó dà sílẹ̀ ni. Ibi yòówù kẹ́ ẹ dúró, kò ní poro."

"Kí ló wá dé tó tutù báyìí? Kì í tutù bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Densuke wo Mitsue, ó tún wo ilẹ̀. "Ọwọ́ àgbà ló ń tètè gbọ́ òtútù."

"Ṣé òru ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọwọ́ mi wá dàgbà ni?"

"Bó ṣe ń ṣe gbogbo wa nìyẹn."

"Èékánná pupa yẹn ńkọ́?"

"Ilé iṣẹ́ Bàbá yìí ni mo ń lọ, Ìyá," ni Mitsue wí. "Mo máa ń gbálẹ̀ fún wọn. Ojú ló ń tì mí láti sọ."

"Ó sì mọ̀ ọ́n gbá," ni Densuke wí.

Tose fi iwájú orí kan ẹní. "Mitsue, ìfura ti sọ mí dìdàkudà. Dárí jì mí." Mitsue tẹ orí tirẹ̀ wálẹ̀ ju ti ìyá náà lọ.

Ní ọjọ́ ìrántí, bọ́ọ̀lù náà ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ nínú tẹ́ńpìlì. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn tó ń dán kírísítálì di ojú, ó gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Mo mọ ọwọ́ Kuraji," ló wí, "ṣùgbọ́n n kò rí irú èyí rí." Tose sunkún ayọ̀. Mitsue ní òun ń sáré lọ gbé ìrẹsì kaná.

Kò yà sí ìdí iná. Ó yọ bọ́ọ̀lù gíláàsì kan, tí kì í tutù lọ́wọ́ tó kírísítálì, jáde lábẹ́ aṣọ inú àpótí rẹ̀, ó sì lọ jù ú sínú odò. Òun ni Kuraji gbé síwájú pẹpẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Haruji wọkọ̀ lọ sójú ogun, nígbà tí ojúlówó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì fọ́, kí Tose má baà kà á sí àmì ikú ọmọ. Mitsue sì ti ṣèlérí fún un lórí ibùsùn ikú pé òun yóò fi ọwọ́ ara òun dán kírísítálì gidi sí ipò rẹ̀ kí ìrántí ọdún kẹta tó pé, àti pé Ìyá kò ní mọ̀ láéláé.