Báàgì Abẹ́ Tábìlì Mi

Mi ò kì í sọ "ṣe sùúrù" fún ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì mi.

Obìnrin tó wá gbàmọ̀ràn láàárọ̀ yìí fi ìborùn bo ètè tó wú.

"Màmá mi ní kí n padà sọ́dọ̀ ọkọ mi. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà."

Ó gbójú sókè wo àwọn ìwé ẹ̀rí tí mo gbé kọ́ ara ògiri.

"Àǹtí, níbo lẹ ti kọ́ iṣẹ́ yìí gan-an?"

Mi ò wo ògiri. Mo fa báàgì búlúù kan jáde lábẹ́ tábìlì.

"Àbúrò mi obìnrin ló gbé e wá sílé mi. Ètè tiẹ̀ náà wú."

"Ṣé ẹ gbà á sílé?"

"Mo fún un lóúnjẹ. Mo tiẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, mo fọwọ́ ara mi gbé báàgì yìí, mo sìn ín padà sílé ọkọ rẹ̀. Sùúrù yẹn náà ni mo ń wàásù lójú ọ̀nà."

Ìborùn já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìgbà wo ló tún gbé e wá?"

"Kò gbé e wá mọ́. Ọlọ́pàá ló gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n wá túfọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Àbúrò mi ò tíì ráyè tú ẹrù rẹ̀."